Owó Ebi Tí Kò Tíì Pa Wá

Ẹ̀yìn ìwé owó iná ni Adémùyíwá ti ń ṣe ìṣirò,
ní pálọ̀ wa n'Íjẹ̀bú-Òde, gílóòbù ń ṣẹ́jú bí ẹni oorun ń kùn.
Ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì,
nínú ọgbà ìṣeré tuntun tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́,
níbi tí kẹ̀kẹ́ ràbàtà ti ń gbọ́mọ ròkè
tó tún ń gbé e padà fún ìyá ẹ̀.
A ti sanwó yàrá. A ti sanwó ẹnu ọ̀nà.
Oúnjẹ ló kù.

Wọ́n ní ká san án sílẹ̀ ká tó kúrò nílé:
ẹni tó bá san fún ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, okùn pupa lọ́rùn ọwọ́;
ẹni tó bá san fún ẹ̀ẹ̀kan, okùn búlúù;
ẹni tí kò bá san rárá, kó máa rà á lójú ẹsẹ̀,
níbi tí ìgò omi kan ti ń gba owó odidi páálí.
Ẹ má sì gbé oúnjẹ wọlé o. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

Mofẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lóṣù tó kọjá,
nítorí náà, lójú tiwọn, ó ti dàgbà:
iye tí bàbá ẹ̀ máa san lòun náà máa san.
Mofẹ́ tó ń ṣa ẹ̀wà inú ìrẹsì síta lẹ́yọ lẹ́yọ!
Ṣèyí á jẹ tiẹ̀, á jẹ ti Mofẹ́,
á tún bi wá pé kí ló kù;
ìdajì owó ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀.
Mo ní, "Ẹni tó ṣe ìwé yìí ò tíì bímọ."

Màámi wá láti Ìmòsan, wọ́n jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n ń ku gàrí.
"Àjọ ni mo mọ̀. Bí mo bá dá a lónìí, yóò kàn mí lọ́la.
Èwo ni kéèyàn máa sanwó ebi tí kò tíì pa á?
Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Bí inú bá ń run ọmọ?
Ṣé wọ́n á dá owó ebi náà padà?"
Adémùyíwá rẹ́rìn-ín, ó fa ilà sábẹ́ iye kan, ó tún pa á rẹ́.
Ọmọ Ìjẹ̀bú ni: owó ò ṣòro fún un láti ná,
ó kàn fẹ́ mọ orúkọ ibi tó ń lọ.

Èmi ò sọ̀rọ̀.
Mo ti padà sí kíláàsì kẹfà, sínú bọ́ọ̀sì iléèwé,
ọjọ́ tí wọ́n kó wa lọ wo Òkè Olúmọ.
Náírà márùn-ún ni oníkálukú máa mú wá fún oúnjẹ.
Màámi ò ní in. Wọ́n fi ewé wé iṣu sísè fún mi, àti epo.
Nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì nínú abọ́ funfun,
tí wọ́n ń pe orúkọ, tí wọn ò pe tèmi,
ẹ̀yìn táyà ni mo lọ bẹ̀rẹ̀ sí,
mo jẹ iṣu náà wàìwàì, bí ẹni jí i.
Iṣu náà dùn.
Òun gan-an ló ń dùn mí títí dòní.

Mi ò sọ fún Màámi rí. Mi ò sì sọ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Mo kàn gba báírò lọ́wọ́ ọkọ mi:
okùn pupa fáwọn ọmọ,
okùn búlúù fáwa méjèèjì,
ti Màámi—
"Ẹ má so nǹkan kan mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi kì í ṣe ewúrẹ́."

Fóònù dún. Owó ti lọ.
Adémùyíwá wo iye tó kù
bí ẹni ń wo ẹ̀yìn mọ́tò tó fi í sílẹ̀ ní gáréèjì.
Mo ní owó ẹbí ni, kì í ṣe owó ebi.
Ó ní àpò kan náà ni méjèèjì ń jẹ.

Lóru, mo jí mumi. Wọ́n ti múná lọ.
Mo bá Màámi nínú òkùnkùn, wọ́n ń da gàrí sínú agolo,
wọ́n fi aṣọ ìwẹ̀ Ṣèyí wé e, wọ́n tì í sísàlẹ̀ báàgì.
"Màámi, wọ́n mà ní ká má gbóúnjẹ wọlé."
Wọn ò wojú mi.
"Gàrí lásán ni," wọ́n ní,
"kí ẹnikẹ́ni má baà tún lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn táyà."