Àlejò Tí Kò Gbé Ẹrù

Ní Durban, aago méjì òru. Afẹ́fẹ́ òkun ń lu fèrèsé.
Zibuyile jókòó ti ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá,
tíì rẹ̀ ti tutù.
Kòkòrò éèdì ló ń wò, àlejò tí kò gbé ẹrù:
kò ní ìkòkò, kò ní ààrò, kò ní ọ̀bẹ,
ìwé kan ṣoṣo ló ká mọ́ra
àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí kò pé ogún.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọlé.
Ògiri yìí ò lanu.
Ọwọ́ ló nà síta, bí onílé rere ti ń ṣe;
àlejò bọ̀ ọ́, ó sì dì í mú, kò jù ú sílẹ̀ mọ́.

Nínú ilé, ó rí ẹni yá a láṣọ bora.
Ó rí ẹni mú un gba ọ̀nà tóóró
dé yàrá tí ìwé ìran wà.
Ó tún rí ẹni tọ́ka sílẹ̀ fún un:
"Ibí ni kí o gbìn ín sí."

Ẹ̀ṣọ́ kan fura.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ba lẹ́tà àjèjì jẹ́,
kó fa gègé rú u títí tí kò fi ní ṣeé kà.
Àlejò ò lù ú, kò bú u.
Ó kàn lẹ bébà pélébé mọ́ ọn lẹ́yìn,
ó ní kí àwọn agbálẹ̀ wá gbé e dànù.
Agbálẹ̀ ilé fúnra wọn!
Zibuyile rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà korò.

Lẹ́nu ọ̀nà, okùn kan ń di àwọn ọmọ tuntun lọ́rùn ọwọ́.
Wọ́n tú okùn.
Àlùmọ́gàjí onílé ni wọ́n fi gé ìwọ́ wọn.

Àbúrò rẹ̀ ń sùn ní Umlazi, Bhekumuzi,
orúkọ tí ìyá wọn fi ní kó máa ṣọ́ ilé.
Ọdún mọ́kànlá, oògùn kan ní aago mẹ́jọ alaalẹ́;
àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀,
bẹ́ẹ̀ àlejò ṣì sùn sáàrin ojú ìwé kan.
"Sísí, ṣé èmi ni mo ṣílẹ̀kùn?"
ló bi í lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Kò rí èsì fún un.

Lóru yìí, létí ìwé àkọsílẹ̀, lábẹ́ àwọn nọ́ńbà,
ó kọ ọ́ ní kékeré:
Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ilé tó yá mọ́ni ni.
Ó gbé tíì tútù náà, ó mu ún tán.