Ọ̀dà Pupa Lẹ́tí Òkun

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kun irin tó yí etí òkun Kọrúnà ká.
Iyọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Iyọ̀ kì í yó.
Mo bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilé ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ nínú oṣù kẹta,
mò ń rọra bọ̀, mítà kan, mítà méjì,
ìgbà tí n óò fi yí ìlú po tí n óò tún débẹ̀,
ìpẹtà ti jókòó síbi tí mo ti kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kàn,
ó ń wò mí bí àlejò tó dé ṣáájú onílé.

Ìdí nìyí tí mo fi mọ gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà yìí.
Mo mọ bàtà wọn ju ojú wọn lọ.
Mo mọ dókítà tó máa ń sáré bí ẹni tí gbèsè ń lé,
mo mọ àwọn ọkùnrin tó ń so okùn mọ́dìí sọ̀kalẹ̀ sí àpáta
láti họ ohun jíjẹ tó lẹ̀ mọ́ òkúta,
bí ìgbì bá gbà fún wọn.
Mo sì mọ Obidúlíà àti Sabẹ́là.

Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ilé ìyá wọn ló dá wọn sí méjì:
ọ̀kan fẹ́ tà á, ọ̀kan ní ó di ẹ̀yìn ikú òun.
Ọdún mẹ́fà rèé.
Obidúlíà ń fẹsẹ̀ rìn, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.
Sabẹ́là ń gun kẹ̀kẹ́, òkun wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀,
kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yí po kò mọ ìjà.
Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí ọ lórí rẹ̀,
iwájú ni yóò gbà yọ sí ọ.
Lójoojúmọ́, níbi tí ẹ̀fúùfù ti ń ṣí fìlà lórí ènìyàn,
wọ́n á pàdé.
Sabẹ́là á tẹ aago kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kín-ín.
Obidúlíà á wo òkun bí ẹni pé òkun ló pè é.
Ó tán. Ó di ọ̀la.
Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé bí aago yẹn bá pẹ́ díẹ̀,
Obidúlíà a máa dẹ ẹsẹ̀.

Oṣù kọkànlá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò wínníwínní,
aago ò dún.
Ó dúró. Ó di irin mi mú, ọ̀dà tútù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.
Mo ní, "Ìyá, ẹ rọra." Kò gbọ́.
Kò yí padà; kí ló fẹ́ yí padà fún?
Iwájú náà ni àbúrò rẹ̀ wà.
Ó kàn yára, ó yára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.
Mo gbé korobá ọ̀dà, mo tẹ̀lé e.

Lókè etíkun Ríásọ́, ṣéènì kẹ̀kẹ́ ti yọ.
Sabẹ́là kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú, ó ń bú irin.
Obidúlíà ò sọ nǹkan kan.
Ó gbé ìdí kẹ̀kẹ́ sókè kí táyà ẹ̀yìn lè yí.
Ẹnì kan ti kọ́ wọn ní èyí nígbà kan rí:
ọ̀kan á gbé e, ọ̀kan á fi ìka ti ṣéènì sí eyín rẹ̀.
Ó wọlé. Ó dún kẹ́.

"Ọ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ," ni Sabẹ́là wí.
"Gírísì wà lójú tìrẹ," ni Obidúlíà wí.

N kò ní parọ́ fún yín pé wọ́n dì mọ́ra.
Ilé náà ṣì wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ṣì wà ní títì.
Ọ̀kan lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan lọ sósì.
Ṣùgbọ́n ìka pupa mẹ́rin wà lára ìjókòó kẹ̀kẹ́ Sabẹ́là,
kò fọ̀ ọ́,
àtẹ́lẹwọ́ Obidúlíà sì wà lára irin mi.
Ọ̀gá mi ní kí n tún ibẹ̀ kùn.
Mo ní mò ń bọ̀ níbẹ̀.
Mo ní kó jẹ́ kí n yí ìlú po dé.