Igbó Inú Àwo

Mọ́kànlá ni wọ́n nínú àwo pẹrẹsẹ kan,
kò sí èyí tó ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.
Desley ló kó wọn jọ, ní Tuwúńbà lórí òkè,
igi etí odò tí èèpo rẹ̀ ń ṣí ní abala abala
bí ìwé tí òjò pa.

"Má tò wọ́n bí ọmọ iléèwé," ló máa ń wí.
"Jẹ́ kí ọ̀kan fara ti èkejì,
kí ọ̀kan kẹ̀yìn sí wọn bí ẹni tó ń bínú."

Nígbà òtútù, kì í fọwọ́ kan gbòǹgbò.
Ó di inú oṣù Kejìlá, tí oòrùn ń ta bí ata,
kó tó gbé àlùmọ́gàjí:
gé díẹ̀. Dúró. Mu tíì. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wò ó
bí èèrà ṣe ń wò ó.
Níbi tó gé lónìí
ọ̀mùnú méjì á yọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, olóríkunkun.

Lọ́dún tí eegun ìbàdí gbé e lọ sí ọsibítù,
Merv ọkọ rẹ̀ gbàgbé omi, ọjọ́ mẹ́ta péré.
Èyí tó ga jù gbẹ.
Nígbà tí ìyàwó dé, Merv kò lè wojú rẹ̀.
Ó ti ra òmíràn pamọ́ sẹ́yìn ilé.

Desley bó èèpo òkú náà, ó fi í sílẹ̀ ní funfun.
"Igbó wo lo rí tí kò ní òkú igi?"

Èyí tí Merv rà, tó wọ́ díẹ̀,
ó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ó ní kí Merv máa bomi rin ín.