Igba Kílò

Oyèlékè ló kọ́kọ́ mú tiẹ̀ wá,
ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú yàrá onípáànù wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́.
Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú mi
bí ìyàwó ṣe ń gbé ọmọ tuntun fún ìyá ọkọ.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tíì parí o."
Mo ní, "Mo rí i. Lọ parí ẹ̀ kó o tó padà wá."
Kò padà wá.
Ìbòrí fóònù ló ń tà ní Tákíè báyìí.
Ó máa ń kí mi dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Iṣẹ́ wa kò ju báyìí lọ:
ètò kan tó ń bá àgbẹ̀ ṣírò káṣú,
iye kílò, iye owó, gbèsè tí alágbàtà kò fẹ́ rántí.
Gbangba la kọ ọ́ sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́;
ẹni tó bá fẹ́ kó wò ó, kó dà á kọ, kó tún un ṣe.
Ṣùgbọ́n èmi jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà
bí oníbodè tí ẹnì kankan kò rán níṣẹ́.

Ìbídàpọ̀ dé lẹ́ẹ̀rùn èyí,
ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n,
téèpù ìwọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Ó ní ojú bàbá òun ti ń ṣe bàìbàì, kò lè tẹ nọ́ńbà mọ́,
ṣé ètò yìí kò lè fetí gbọ́ ni?
Ó ti gbìyànjú ẹ̀,
bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so aṣọ pọ̀ ná kí ẹ̀rọ tó kàn án.

Baba sún mọ́ fóònù, ó húkọ́,
ó ní, "Igba kílò."
Ètò kọ ọ́ sílẹ̀: igbá, kílò.
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú.
Baba ní, "Ẹ bi í, ṣé ó ní ọmọrí?"
Ó tún un sọ. Ètò ní ìgbà.
Ó tún un sọ. Ètò ní ìgbá.
Ìbídàpọ̀ ti ń ká wáyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ijọ́sí ti dé ẹnu mi: lọ parí ẹ̀.
Mo gbé e mì.

Mo ní, "Ìyá mi, má ká a. Jókòó.
Wo igi káṣú ẹ̀yìnkùlé yẹn:
ẹ̀ka tó ya lọ síbi tí a kò rán an,
a kì í gé e kó tó tanná.
A ó ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún ọ nínú ètò yìí.
Tó bá wó, orí ara rẹ̀ ni yóò wó sí,
owó àgbẹ̀ kankan kò ní sọnù.
Ẹni tó ń rodò ni agbè ń fọ́ mọ́ lọ́wọ́;
agbè ajókòósílé mọ́ tónítóní,
òǹgbẹ ń gbẹ olúwa rẹ̀."

A kọ ohun tó bàjẹ́ síta, a kò fi bò.
Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí, ní Ìsẹ́yìn,
fi ohùn ogún àgbẹ̀ ránṣẹ́.
Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ti Ìbídàpọ̀ báyìí.

Kò tíì pé o.
Tí òjò bá ń lu páànù, ó ṣì ń gbé igbá fún wa.

Lánàá mo yà ní Tákíè,
mo ra ìbòrí tí kò bá fóònù mi mu.
Mo ní, "Oyèlékè, èyí tí kò tíì parí yẹn,
ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"
Ó wò mí.
Ó ń nu dígí kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.