Páálí Keje

Wọ́n ní kí ó kó wọn sẹ́nu ọ̀nà kí aago mẹ́sàn-án tó lù,
pé ọkọ̀ yóò wá kó wọn nílé, kò ní san kọ́bọ̀,
kí ó ṣáà má di páálí kankan
kọjá ohun tí ẹnì kan lè gbé.
Mererid ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.
Ta ló mọ ohun tí ẹnì kan lè gbé?

Páálí méje.
Òjò Aberystwyth ń ṣe wínniwínni,
òjò tí kò tíì pinnu bóyá òun ó rọ̀ tàbí òun ó padà sókun.
Ó wá ọ̀rá, ó fi bo àwọn ìwé,
ó tún ká a kúrò, ó wo ojú wọn, ó dá a padà.

Idwal! Ọkùnrin tí kò lè se ẹyin,
ìwé ìdáná mẹ́ta ló ní.
Ó ń kà wọ́n lórí ibùsùn
bí ẹlòmíràn ṣe ń ka ìtàn arìnrìn-àjò.
Ìwé ẹyẹ òkun, ìwé ọkọ̀ ojú irin tí irin rẹ̀ ti wọ koríko,
àwo orin ẹgbẹ́ akọrin, igba ó lé mọ́kànlá
(ó kà wọ́n lálẹ́ àná, kò mọ ìdí tó fi kà wọ́n),
àti àwo sinimá tó rà ní ìdajì owó,
òmíràn ṣì wà nínú ọ̀rá, èékánná kò kàn án rí.
"Bí mo bá fẹ̀yìn tì, màá jókòó wò wọ́n."
Oṣù kẹta ló fẹ̀yìn tì.
Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ọmọ tó wa ọkọ̀ náà wá ń jẹ́ Ianto,
irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, bàtà rẹ̀ ti lu.
Ó gbé ti àkọ́kọ́, ó gbé ìkejì,
ìdí páálí ìkẹrin já lórí àtẹ̀gùn,
ẹyẹ òkun sì bọ́ sínú omi òjò, ìyẹ́ nínà.
"Ẹ má bínú, Ìyá."
"Ẹyẹ òkun ni," Mererid dáhùn, "omi kò ní ṣe é ní nǹkan kan."
Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa á.

Ó ṣí ìkeje. Ó mi orí.
"Kásẹ́ẹ̀tì ni. A kì í gba kásẹ́ẹ̀tì mọ́.
Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rọ tó máa lù ú."
Ó kọ risíìtì: páálí mẹ́fà, a dúpẹ́.
Ọkọ̀ yí kọ́nà ilé ìfìwéránṣẹ́, ó lọ.
Mererid fi ẹsẹ̀ ti ìkeje padà wọlé,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń darí àgbà ajá lọ síbi oúnjẹ.

Ilẹ̀ ṣú. Ó fẹ́ nu eruku ara ẹ̀rọ,
ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì,
ẹ̀rọ yọ ahọ́n bí ọmọ tí dókítà ní kó lanu.
Àwo kan wà lórí ahọ́n náà.

Àwo tí a kì í fi jẹun; awo ni, láàárín Idwal àti alẹ́ rẹ̀.
Ilé àwo náà ti bá ọkọ̀ lọ, òfìfo, ó dé pinpin.
Ó gbé fóònù. Ó wo nọ́ńbà ara risíìtì. Ó gbé fóònù kalẹ̀.
Ẹnì kan yóò rà á ní Carmarthen,
yóò ṣí i, yóò bá ihò roboto kan láàárín ike.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú olówó àkọ́kọ́.
Kò tíì wò ó tán ni.

Ó ti ahọ́n náà padà.
Ẹ̀rọ kò lọ síbẹ̀rẹ̀;
ibi tí Idwal dá a dúró sí ló ti gbà á:
obìnrin kan ń sá gun òkè, bàtà kan lọ́wọ́ rẹ̀,
ó ń pe orúkọ tí Mererid kò mọ̀.

Ó fa páálí keje, ó gbé ẹsẹ̀ lé e.
Kò béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú.