Ta Ló Ń Súfèé?

Ní Unalásíkà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jẹ orúkọ kúrò lára àgbélébùú ibojì,
Okalena na wáyà láti orí òrùlé dé ẹ̀yìn òkè,
ó ki ìdí rẹ̀ bọ ẹ̀rọ àlòkù tí àwọn ológun fi sílẹ̀,
ó dé agbọ́hùn mọ́ etí, ó pa fìtílà.
"Kí lò ń wá?" ni Evdokim ọkọ rẹ̀ wí.
"Kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan lójú òkun."
"Dákẹ́ ná."

Àkọ́kọ́, ariwo bí iyọ̀ tó bọ́ sínú epo gbígbóná.
Lẹ́yìn náà
fíííì-ìù-ùùùù,
láti òkè téńté wálẹ̀ wálẹ̀,
bí ẹni pé òkúta ń já lọ nínú kànga tí kò nísàlẹ̀,
tó sì ń fi ohùn díwọ̀n bó ṣe jìn tó.
Ẹyẹ wo ló ń ké bẹ́ẹ̀ nínú yìnyín oṣù Ṣẹ́rẹ́?

Àrá ni.
Ní Ótákó, ní gúúsù Niu Sílandì, mànàmáná kọ lórí omi.
Paratene ń kó aṣọ tó sá wọlé,
ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, àrá sán, ó ti ilẹ̀kùn.
Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.
Kò bùṣe o.
Ìgbì kan tí ojú kò rí yọ́ gba àjà sánmà kọjá,
ó di okùn mágínẹ́ẹ̀tì mú,
èyí tí ayé fi de ara rẹ̀ láti gúúsù dé àríwá,
ó gùn ún, ó gùn ún,
títí gíga rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ayé,
kó tó tẹ̀ wálẹ̀ sórí wáyà obìnrin kan.

Gbogbo ohùn inú rẹ̀ ló jọ gbéra.
Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ kún fún èérún iná:
ohùn tínrín sáré là á kọjá,
ohùn ńlá ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ bí ẹni tó ru àwọ̀n tútù.
Bí "pá!" ṣe di "fíí-ùùù" nìyẹn.

Evdokim gba agbọ́hùn. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ìyá mi ní a kì í súfèé nínú ọkọ̀,
kéèyàn má fi pe ìjì."
"Ìjì fúnra rẹ̀ ló ń súfèé," ni Okalena wí.

Òmíràn já. Ó kan ilẹ̀, ó yí padà
sọ́dọ̀ Paratene, tí kò ní wáyà, tó ń bọ́ bàtà.
Yóò tún ṣẹ́rí wá síbí,
yóò gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, yóò ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀.
Nínú òkùnkùn, tọkọtaya náà fi agbọ́hùn kan sáàárín etí méjì.
Wọ́n ń retí rẹ̀.