Méjìlá Nínú Ọgọ́rùn-ún

Igba náírà ni mo ń gba lórí fóònù kan.
Àjákù pákó sọ́míìlì la fi kan ìsọ̀ mi l'Átìkòrì,
létí kòtò tí ọkọ̀ gẹdú gbẹ́ fún wa:
jẹnẹrétọ̀ kan, wáyà kan, ihò mẹ́rìnlélógún.

Ti Ṣówùnmí àti ti Ọ̀nàfowókàn,
ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni mo ti ń tò wọ́n látọjọ́ tí wọ́n jọ ń wá.
Wọn ò jọ ń wá mọ́.
Bí ọ̀kan bá wà níbí, èkejì á dúró lódìkejì títì,
á máa wo pátákó olóṣèlú bí ẹni tí kò rí i rí.
Fóònù ò mọ̀ pé ìjà ń bẹ.
Wọ́n á sùn ti ara wọn, èébú á máa tàn lójú wọn:
"Ọ̀dàlẹ̀!" "Ẹrú olóṣèlú!" "Èló ni wọ́n fún ọ?"
látọwọ́ àwọn tí kòtò wa ò gbé táyà wọn mì rí.
Ẹ̀rọ pọ̀, èrò pọ̀; ẹ̀rọ̀ ló wọ́n.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan ki ẹgbàárùn-ún bọ̀ mí lọ́wọ́.
"Ti Ṣówùnmí, má jẹ́ ó kún."
Mi ò bi í pé kí ló dé.
Owó Wáẹ́kì Adétòkí wà lọ́rùn mi
(mo wí i ni, mi ò wí i kẹ́ẹ dárí jì mí).
Mo fa orí ṣájà sẹ́yìn, kò ju ìbú èékánná lọ.
Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni ń jẹun, kò sì jẹ nǹkan kan.
Méjìlá.

Láàárọ̀ wọ́n wọ́ lọ s'Ókè-Àgbò, ewé lọ́wọ́.
Ṣówùnmí so fóònù mọ́ igi mọ́ọ̀pù, ó gbé e sókè;
ẹgbẹ̀ẹ́dógún èèyàn ń wò ó.
Ọkọ̀ funfun kan yà wọlé. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí.
Àwòrán bá kú.

Ta ló kọ́kọ́ sọ òkò? Ibẹ̀ la ti pín sí méjì.
Ọmọ Ìyá Ṣótúbọ̀ pàdánù ojú kan;
àwọn kan ní òkò ni,
àwọn kan ní ojú ọ̀hún ti fọ́ tẹ́lẹ̀.
Ọ̀nàfowókàn kọ ọ́ pé: "Òun ló pa á fúnra ẹ̀, ó mọ ohun tó ń bò."
Ṣówùnmí fèsì: "Ìjọba ló gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì."
Èmi nìjọba náà,
tí mo jókòó ti jẹnẹrétọ̀, tí mo ń ka igba, igba.

Ó gbé e wá lálẹ́, ojú ẹ̀ là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.
Mo kì í bọ ihò tó dáa jù,
mo jókòó tì í títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún.
Mi ò gba kọ́bọ̀.
Ó ní, "Ẹ ṣeun, màmá.
Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni."